Omi Ló Dànù, Agbè Ò Fọ́

Ọmọ mi, ìyá rẹ ti pè mí. Ó ní láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí wọ́n ti já fóònù gbà lọ́wọ́ rẹ lójú fèrèsé dánfó, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ojúẹlẹ́gbà, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ mọ́, àti pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ fóònù gan-an ló ń dùn ọ́ bí kò ṣe ti ìtàn tí o ti ń kọ sínú rẹ̀ láti oṣù mẹ́sàn-án, tí o ti kọ ọ́ dé orí kẹtàlá, tí o kò sì ní ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn. Mo gbọ́. Mi ò ní sọ fún ọ pé fóònù ṣáà ni, nítorí ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì kọ nǹkan rí. Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ẹkún rẹ tọ́.

Ṣùgbọ́n àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, nítorí náà fara balẹ̀ gbọ́ mi. N ó rìn jìnnà díẹ̀ kí n tó dé ibi tí mò ń lọ; ìrìn àgbà ni, kò ṣeé lé.

Nígbà tí mo wà lọ́mọge, tí gbogbo wa ń gbé yàrá kan ní Ìdí-Àràbà, owó ọkọ̀ tí wọ́n ń fún mi lọ síléèwé ni mo máa ń tọ́jú, n ó fẹsẹ̀ rìn, tó bá sì di òpin ọ̀sẹ̀, n ó gba Yábàá lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ìwé tòkunbọ̀, tí wọ́n máa ń tẹ́ ẹ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí àpò ìrẹsì. O mọ òórùn yẹn, òórùn ìwé tí òjò ti pa, tí wọ́n sì ti sá sóòrùn, ìwé tí ilé ìkàwé kan nílùú Òyìnbó ti lu òǹtẹ̀ mọ́ nídìí, tí orúkọ ẹnì kan tí o kò ní rí láyé sì wà lójú ewé àkọ́kọ́. Ẹni tó ń tà á kì í kà á. Bó bá ṣe nípọn sí ló fi ń díye lé e, bí ẹni ń ta iṣu. Ibẹ̀ ni mo ti ra ìwé ìtàn ọ̀daràn kan lọ́jọ́ kan, mo gbé e délé, mo ń kà á lójú àtùpà, ẹ̀fọn ń jẹ mí, ẹ̀gbọ́n mi ń kùn pé epo ń tán lọ, etí mi ò gbọ́ ohun tó ń wí, àfi ìgbà tó ku díẹ̀ kí n mọ ẹni tó pa olówó ilé náà, ni ewé bá tán. Wọ́n ti fa gbogbo ìparí rẹ̀ ya. Òwú tí wọ́n fi rán an ló kù níbẹ̀, ó rí jákujàku.

Mo sunkún bí ẹni tí wọ́n jí fóònù rẹ̀. Ọjọ́ kejì, mo gbé e padà lọ bá bàbá tó tà á fún mi, bàbá yẹ̀ ẹ́ wò lọ́tùn-ún lósì, ó ní, “Ìyá mi, ìwọ̀nba bó ṣe nípọn náà ni mo gbà lọ́wọ́ ẹ.” Nígbà tí n kò rí ìdáhùn sí ìyẹn, mo délé, mo ṣí ẹ̀yìn ìwé ìṣirò mi tó ṣófo, mo kọ ìparí ìtàn náà fúnra mi. Alásè ni mo ní kí ọlọ́pàá mú. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ẹ̀dà tó pé rà, ó wá hàn pé dókítà ló pa á. Títí di òní olónìí, mo gbà pé alásè tèmi dáa ju dókítà tiwọn lọ. Bí kì í bá ṣe ewé tó ya yẹn, bóyá òǹkàwé lásán ni ǹ bá jẹ́ dọjọ́ alẹ́.

Àwọn tí o ń wo ìwé wọn lórí àtẹ tí o rò pé bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ló jáde bẹ́ẹ̀, adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ara rẹ̀ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Yábàá tí mo ń wí yìí náà ni Buchi Emecheta ti wá, 1944 ni wọ́n bí i, Methodist Girls' High School tó wà níbẹ̀ ló sì lọ. Ó lọ bá ọkọ rẹ̀ ní London ní 1962, níbẹ̀ ló ti kọ ìwé kan, ló bá di ọjọ́ kan, ọkọ rẹ̀ dáná sun ìwé náà. Kì í ṣe olè dánfó, ọmọ mi. Ọkọ. Ó kúrò nílé náà, òun nìkan ló sì tọ́ ọmọ márààrún. Ìwé mìíràn ló kọ́kọ́ jáde, In the Ditch, ní 1972. Àmọ́ èyí tí wọ́n sun yẹn, ó padà tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀, òun ni The Bride Price tó jáde ní 1976. Nígbà tó fi máa di 1979, ó ti gbé Yábàá ayé àwọn òyìnbó amúnisìn sínú The Joys of Motherhood, tí àwọn ará Amẹ́ríkà tí kò tíì fẹsẹ̀ tẹ Sàbó rí fi ń kẹ́kọ̀ọ́.

Ti Àlùfáà Samuel Johnson ló tilẹ̀ ya mí lẹ́nu jù. The History of the Yorubas tó kọ, tí gbogbo wa ń sáré gbé bí àríyànjiyàn bá bẹ́ lórí ta ló kọ́kọ́ jọba níbo, ó lé ní ogún ọdún tó fi ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, tó ń gbọ́ tẹnu àwọn arókin Ọ̀yọ́. Ní 1899, wọ́n fi í ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nípasẹ̀ ẹgbẹ́ ajíhìnrere. Wọn kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Ní 1901, Johnson fúnra rẹ̀ kú. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, tó ń ṣe oníṣègùn l'Ékòó níbí, ló wá kó àwọn àkọsílẹ̀ wẹ́wẹ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀ jọ, àti àwọn ẹ̀dà tí kò tíì tún ṣe, ó sì jókòó, ó kọ ìwé náà láti òkè délẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ní January 1916, ó fi í sínú ọkọ̀ òkun tí wọ́n ń pè ní Appam. Ogun ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà. Àwọn Jámánì gba ọkọ̀ náà lójú agbami, wọ́n wà á lọ sí Amẹ́ríkà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún méjì kí ẹnikẹ́ni tó tún gbúròó ìwé. 1921 ló tó jáde. Obadiah náà ti kú ní 1920. Bí mo bá rí ìwé yẹn báyìí, bó ṣe tóbi bíi búlọ́ọ̀kù, mo máa ń dúró díẹ̀, nítorí nínú tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tó ṣe wàhálà rẹ̀, kò sí èyí tó fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀.

Ṣé o wá rí ohun tó yọ ìwé náà? Kì í ṣe ẹ̀dà tó mọ́ tónítóní tí wọ́n fi ránṣẹ́ sókè òkun. Àjákù ni, ewé tí ẹlòmíràn ì bá fi pọ́n ẹ̀pà. Omi ló dànù, agbè ò fọ́. Lọ wá àjákù tìrẹ. Ìyá rẹ ní o máa ń ka apá kan ìtàn náà sínú WhatsApp fún àbúrò rẹ tó wà n'Íbàdàn. Olè Ojúẹlẹ́gbà kò jí ti inú fóònù àbúrò rẹ. Kó fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ padà, kí o gbọ́ ohùn ara rẹ.

Lẹ́yìn náà, má ṣe sá tẹ̀lé gbólóhùn kọ̀ọ̀kan pé bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ náà lo fẹ́ kó rí. Agbọ̀n ni o fi ń pọn omi yẹn. Bi ara rẹ léèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀ sí ọmọbìnrin inú ìtàn náà, kí o sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ ọ́ fún mi nínú pálọ̀. Èyí tó bá padà wá fúnra rẹ̀, egungun ìtàn nìyẹn. Èyí tó bá kọ̀ tí kò wá, ó lè jẹ́ ọ̀rá lásán ni, bó tilẹ̀ dùn ọ́ láti gbọ́ bẹ́ẹ̀.

N kò sì fẹ́ tàn ọ́ pé bí o bá tún un kọ tán, wàhálà ti parí. Ìwé kékeré kan ṣoṣo ni mo tẹ̀ láyé mi, fún àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Ṣómólú ni mo sì gbé e lọ bíi gbogbo ará Èkó. Jẹnẹrétọ̀ ń ké lójúlé kọ̀ọ̀kan, òórùn íńkì àti kẹrosíìnì tí wọ́n fi ń fọ ẹ̀rọ gba gbogbo àdúgbò, àwọn obìnrin tó ń to ewé ń yí tábìlì ká, wọ́n ń mú ewé lẹ́yọ lẹ́yọ, wọ́n ń tàkúrọ̀sọ, wọn kì í wo ọwọ́ ara wọn. Mo ti kọ ọ́ sínú ìtàn náà pé ìyá gbé ọkọ́ lé èjìká, ó forí lé oko. Ẹni tó bá mi tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà kò ka àmì ohùn sí. Ìgbà tí ẹgbẹ̀ta ẹ̀dà délé, ìyá ti gbé ọkọ lé èjìká, ó forí lé oko. Mo mú bírò dúdú, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo ń fi àmì lé ọkọ náà lórí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí mo fi máa dé igba, ẹ̀rín ti ń pa èmi náà. Ọmọ kíláàsì mi kan tilẹ̀ bẹ̀ mí pé kí n jọ̀ọ́ má fọwọ́ kan tòun.

Mẹ́ta nínú wọn ni mo gbé lọ sí National Library ní Alágoméjì, níbi tí mo ti gba nọ́ńbà ISBN tẹ́lẹ̀, nítorí òfin ní kí ẹni tó bá tẹ̀wé kó ẹ̀dà mẹ́ta síbẹ̀. Ẹni tó gbà á kò tilẹ̀ gbójú sókè. Mo jáde sí títì Herbert Macaulay, mo dúró láàárín àwọn tó ń wọ ọkọ̀ lọ Oyíńgbò, mi ò fẹ́ wọ ọkọ̀ kankan, mo kàn dúró.

Wá rí mi lọ́jọ́ Sátidé. Mo ti ra ìwé ẹlẹ́yìn líle kan sílẹ̀ fún ọ, pẹ̀lú bírò méjì. Kò sẹ́ni tó máa na ọwọ́ já ìyẹn gbà nínú dánfó. Kí o sì bá mi mú ìwé mi bọ̀, èyí tí dókítà ti pààyàn yẹn, ó ti ń lọ sóṣù kẹjọ lọ́wọ́ rẹ. Kí o tó gbé e jáde nílé, ka ewé rẹ̀, kó pé.