Ìdí Tí Snowboard Fi Ń Gbé Ẹni Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Kọ́ Ọ Ṣubú

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọwọ́ kan ṣoṣo ni mo fi ń tẹ àpilẹ̀kọ yìí o. Ọwọ́ òsì wà nínú POP. Ẹ má bẹ̀rù, kì í ṣe jàǹbá ọkọ̀. Yìnyín ni, àti àìgbọ́ràn mi.

Àwa mẹ́rin la wakọ̀ kúrò ní Denver ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù kìíní, a sì gba yàrá sí Breckenridge, lórí àwọn òkè Rocky ní ìpínlẹ̀ Colorado. Bọ̀dá wa ló ṣètò rẹ̀. Ó ti tó ọdún márùn-ún tí wọ́n ti ń fi snowboard ṣeré. Èmi ò tíì fẹsẹ̀ kan án rí. Níbi tá a ti háyà ẹrù, Bọ̀dá ní kí n gba ohun tí wọ́n fi ń dáàbò bo ọrùn ọwọ́. Mo ní owó ti pọ̀ jù, jàre. Àṣíborí nìkan ni mo gbà.

Bí nǹkan náà ṣe rí nìyí. Pátákó kan ṣoṣo ni, ó gùn tó mítà kan àtààbọ̀, wọ́n á de ẹsẹ̀ yín méjèèjì mọ́ ọn, ẹ ó sì fẹ̀gbẹ́ dúró lórí rẹ̀. Lọ́dún 1965, ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Sherman Poppen so ski méjì pọ̀ fún àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ ní Muskegon, ìpínlẹ̀ Michigan. Lára ohun ìṣeré yẹn ni snowboard ti wá. Nígbà tó di 1998, ó ti wọ ìdíje Olympic ní Nagano, ní Japan. Ìtàn tó báyẹn, ẹ jẹ́ ká lọ síbi tó ń dùn mí.

Kí ló ń mú un yọ̀? Bí abẹ́ pátákó bá ń fara gbo yìnyín, ooru díẹ̀ á jáde níbẹ̀, bó ṣe máa ń jáde tẹ́ ẹ bá fi àtẹ́lẹ́wọ́ méjèèjì gbo ara wọn. Ooru yẹn á yọ́ yìnyín díẹ̀, omi tín-ín-rín á wà láàárín, orí omi yẹn lẹ sì ń yọ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi ìda pa abẹ́ pátákó, kí omi má bàa dì í mú. Láàárọ̀ Sátidé, òtútù mú gan-an, pátákó mi sì ń wọ́lẹ̀ bíi pé orí iyanrìn ló wà, torí yìnyín tó bá tutù jù kì í tètè yọ́. Nígbà tí oòrùn ràn lọ́sàn-án, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Mi ò fiyè sí i.

Ohun tó ń yọ̀ ò lè dá ara rẹ̀ dúró. Etí pátákó ló ń dá a dúró, irin tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n sì fi ṣe é. Tẹ́ ẹ bá gbé pátákó dábùú òkè, tẹ́ ẹ fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́, etí tó wà lápá òkè á wọnú yìnyín bí ọ̀bẹ, ẹ ó sì dúró. Tẹ́ ẹ bá dẹ ẹsẹ̀ díẹ̀, ẹ ó máa yọ̀ lọ sísàlẹ̀ jẹ́jẹ́. Òfin kan ló wà níbẹ̀: etí tó kọjú sí ìsàlẹ̀ ò gbọ́dọ̀ kan yìnyín.

Èmi? Mo jẹ́ kó kàn án.

Ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán, mò ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ dúró. Ìyẹn ni pé mo kọjú sókè, mo kẹ̀yìn sí ìsàlẹ̀. Bọ̀dá ń pariwo pé, "Má wo ẹsẹ̀ ẹ! Tẹ orúnkún!" Ó ti rẹ̀ mí, ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n, mo bá sọ gìgísẹ̀ kalẹ̀ díẹ̀ báyìí, kí n lè sinmi. Etí ẹ̀yìn wọlẹ̀ wìì. Pátákó dúró, ẹsẹ̀ mi dúró pẹ̀lú ẹ̀. Àmọ́ Newton ti sọ fún wa tipẹ́: ohun tó ń lọ á ṣáà máa lọ títí nǹkan á fi dá a dúró. Ara mi tó kù ń lọ.

Mo ti ṣírò rẹ̀ (kí ni mo tún fẹ́ fi ọwọ́ kan ṣe?). Bí ẹni tó ga ní mítà 1.7 bá dúró gbọn-in, tó wá ṣubú bí igi tí wọ́n gé, orí rẹ̀ á fi nǹkan bíi kìlómítà 25 ní wákàtí kan kanlẹ̀. A ò tíì fi eré tí pátákó ń sá kún un o! Àgbọn tẹ́ ẹ jù sílẹ̀ láti ibi gíga kan náà ò ní yá tó yẹn. Nǹkan bíi 21 ni tiẹ̀. Torí pé ẹsẹ̀ ti kan mọ́lẹ̀, ńṣe ni òkè ara ń yí wá bí orí òòlù. Àṣíborí ló kó mi yọ.

Ọwọ́ ò ní àṣíborí. Kí n tó ronú, ó ti na ara ẹ̀ sẹ́yìn, gbogbo ìwúwo mi sì bọ́ sórí àtẹ́lẹ́wọ́ kan ṣoṣo. Ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì yọ̀ wá bá mi, ó ní, "Má mì í, jọ̀ọ́." X-ray fi hàn pé eegun ti sán nítòsí ọrùn ọwọ́, ibi tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ snowboard ti máa ń ṣèṣe.

Kí ló yẹ kí n ṣe? Ohun tí Bọ̀dá sọ ni. Ẹni tó bá tẹ orúnkún, tó lóṣòó kí orí rẹ̀ tó dé ìdajì gíga tó wà tẹ́lẹ̀, agbára tó máa fi kanlẹ̀ á dín kù sí nǹkan bí ìdajì. Tó bá jẹ́ ẹ̀yìn lẹ ń ṣubú sí, ẹ di ẹ̀ṣẹ́, ẹ kó ọwọ́ mọ́ àyà, ẹ fi àgbọ̀n kan àyà, kẹ́ ẹ jẹ́ kí ìdí gba ilẹ̀ kẹ́ ẹ sì yí gbirigbiri. Ìdí lẹ́ran. Ọrùn ọwọ́ ò ní.

Nígbà tá a padà dé lálẹ́, ẹ̀wà tí wọ́n gbé kaná láti ìrọ̀lẹ́ ṣì le bí òkúta. Níbi tó ga tó nǹkan bíi mítà 2,900 yẹn, atẹ́gùn ò tẹ omi mọ́lẹ̀ tó bíi ti Èkó, ìwọ̀n 90 lórí Celsius ni omi ti ń hó, kì í ṣe 100. Ẹ lè koná títí ilẹ̀ á fi mọ́, omi yẹn ò ní gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ta ló rántí gbé pressure pot? Kò sẹ́nì kan.

Bọ̀dá bi mí pé ṣé mo máa tún bá wọn wá lọ́dún tó ń bọ̀. Mo ní, "Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí ẹ̀wà jinná ná, Bọ̀dá."