Àbúrò mi, bí o bá fẹ́ kọ́ àgbà níṣẹ́

Àbúrò mi, mo gbọ́ pé àwọn ìyá kan ní Akofodjoulè ti gbà kí o wá kọ́ wọn ní aṣọ rírán. Inú mi dùn. Jẹ́ kí n bá ọ sọ ọ̀rọ̀ kan kí o tó gbé maṣíìnì kalẹ̀: ọwọ́ wọn kọ́ ni yóò dà ọ́ láàmú. Obìnrin tó ti ń yan gàrí láti kékeré, ọwọ́ rẹ̀ ti yá tipẹ́. Bí yóò ṣe gba oníbàárà tínú ń bí, bí yóò ṣe tètè jẹ́wọ́ pé aṣọ kò ní í yá lọ́jọ́ àdéhùn, ibẹ̀ niṣẹ́ wà.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ni, mo bá ìyá kan wí lójú ọmọ rẹ̀ nítorí pé ó pẹ́ dé. Kò fèsì. Kò sì padà wá mọ́. Ó ṣì ń dùn mí dòní. Tí wọ́n bá pẹ́, kọ́kọ́ kí wọn, “Ẹ kú ọ̀nà, ìyá.” Tó bá ku ẹ̀yin méjì, kí o tó béèrè ohun tó dá wọn dúró. Àwọn fúnra wọn ni kó dá àkókò tí ẹ ó máa pàdé.

Má rò pé ìwà lásán ni mò ń sọ. Owó wà níbẹ̀. Ní Lomé, lọ́dún 2014, àwọn olùwádìí pín oníṣòwò kéékèèké 1,500 sí ọ̀nà mẹ́ta. Wọ́n kọ́ 500 ní ìṣirò owó àti ìpolówó ọjà. Wọ́n kọ́ 500 mìíràn bí èèyàn ṣe ń tinú ara rẹ̀ dá nǹkan ṣe, tó ń wo iwájú, tí kì í káwọ́ gbera bí ọ̀nà kan bá dí. Wọn kò kọ́ 500 tó kù ní nǹkan kan. Láàárín ọdún méjì tó tẹ̀lé e, èrè àwọn tó kọ́ àtinúdá fi 30% ju ti àwọn tí a kò kọ́ lọ. Ti àwọn tó kọ́ ìṣirò fi 11% péré jù ú lọ, àwọn olùwádìí kò sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé ẹ̀kọ́ náà ló fà á. Láàárín àwọn obìnrin, ti àwọn tó kọ́ àtinúdá jẹ́ 40%, ti àwọn tó kọ́ ìṣirò sì jẹ́ 5%. Ìwé ìròyìn Science gbé e jáde ní 2017.

Níbi ẹ̀kọ́ Lomé yìí, ààbọ̀ ọjọ́ ni wọ́n lò, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ìyẹn yóò bá àwọn ìyá wa mu, torí oko àti ọjà kò ní í dúró dè wọ́n. Má dúró máa wàásù. Jẹ́ kí ẹnì kan ṣe oníbàárà, kó gbé aṣọ tó fún jù wọlé, kó máa pariwo. Kí ẹlòmíì dá a lóhùn. Kí àwọn tó ń wò wá sọ ohun tí wọ́n gbọ́. Ìwọ dákẹ́ ná. Kí wọ́n tó túká, kí kálukú mú iṣẹ́ kan lọ sílé: kó bá obìnrin mẹ́ta tí kò tíì rán aṣọ lọ́dọ̀ rẹ̀ rí sọ̀rọ̀. Èdè Ìdáàṣà, èdè àwọn ìyá náà, ni kí ẹ fi ṣe gbogbo rẹ̀.

Ní Lomé, lẹ́yìn ẹ̀kọ́, olùkọ́ ń lọ bá wọn nílé iṣẹ́ wọn lẹ́ẹ̀kan lóṣù, fún oṣù mẹ́rin. Àbúrò mi, ṣe bẹ́ẹ̀. Má ránṣẹ́ sí wọn o; fi ẹsẹ̀ ara rẹ lọ.