Ẹ̀KỌ́ KEJÌLÁ: AṢỌ ALÁWỌ̀ EÉRÚ ÀTI ÀWỌ̀ ARA WA

Ẹ wo inú ààrò lẹ́yìn tí a bá dáná tán. Eérú ibẹ̀ kì í ṣe irú kan. Èyí tí ó jóná tán á funfun. Èyí tí èédú kù nínú rẹ̀ á dúdú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni aṣọ aláwọ̀ eérú. Òmíràn tún fà sí aró, bí ojú ọ̀run tí òjò ṣú. Òmíràn fà sí àwọ̀ sányán.

Èwo ni ó yẹ yín? Ẹ rántí èyí: kí aṣọ má ṣe bá ara dọ́gba jù. Bí wọ́n bá dọ́gba, ojú kì í hàn.

Ẹni tí ó dúdú: eérú funfun tí ó fà sí aró yẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n eérú tí ó rí bí omi ẹrẹ̀ á mú ara rẹ̀ dà bí ti ẹni tí kò fi òróró para nígbà ọyẹ́.

Ẹni tí ó pupa: eérú funfun lè mú un dà bí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde àìsàn. Kí ó wá èyí tí ó dúdú bí èédú.

Ẹni tí kò dúdú tí kò sì pupa: kí ó dán èyí tí ó fà sí sányán wò, kí ó ṣáà mọ́lẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ tàbí kí ó ṣú jù ú lọ.

Bí ẹ bá dé ọjà, ìyá aláṣọ á ní, "Ó mà yẹ yín o!" Ẹ má tíì sanwó. Iná inú ṣọ́ọ̀bù máa ń yí àwọ̀ aṣọ padà. Ẹ gbé aṣọ náà síta, sínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán. Ẹ ṣí gèlè tàbí fìlà. Ẹ ta á sí abẹ́ àgbọ̀n yín. Kí ọ̀rẹ́ yín wo ojú yín, kó má wo aṣọ. Bí ojú bá ń dán, ẹ rà á. Bí ojú bá rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀.

Bó bá jẹ́ aṣọ ẹbí ńkọ́, tí ẹbí ti mú àwọ̀ kan? Ẹ fi àwọ̀ mìíràn sí ìtòsí ojú: iyùn, fìlà àlàárì, tàbí gèlè funfun.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe bóra nítorí aṣọ. Mákúrì tí ó wà nínú àwọn ìpara ìbóra kan a máa ba kíndìnrín jẹ́. Òde á parí, aṣọ á gbó, ara ló kù fún yín. Aṣọ ni kí ẹ pààrọ̀.

ÌBÉÈRÈ
1. Kí ló dé tí a fi ń gbé aṣọ síta kí a tó rà á?
2. Irú eérú wo ni ó yẹ ẹni tí ó pupa?
3. Kí ni mákúrì ń bà jẹ́?
4. Ẹ kọ gbólóhùn mẹ́ta nípa aṣọ tí ó yẹ yín jùlọ.