Ìrora Ẹ̀yìn: Ìgbà Tí Ó Lè Jẹ́ Àmì Àrùn Mìíràn

Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ní ọdún 2020, ìrora ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn bá mílíọ̀nù 619 ènìyàn jà. Nínú nǹkan bí ẹni 9 nínú 10, a kì í rí àrùn kan pàtó tí ó fà á. Alábàárù tí ń gbé àpò ìrẹsì ní ọjà Mont-Bouët ní Libreville lè ní irú rẹ̀. Ara rẹ̀ sábà máa ń yá láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, pàápàá bí kò bá sọ ibùsùn di ilé.

Ẹni kẹwàá ni ó gba ìṣọ́ra. Gabon wà lára orílẹ̀-èdè 30 tí Àjọ náà kà sí ibi tí ikọ́ ẹ̀gbẹ ti pọ̀ jù fún ọdún 2021 sí 2025. Ikọ́ ẹ̀gbẹ kì í sì í ṣe àrùn ẹ̀dọ̀fóró nìkan: kòkòrò rẹ̀ lè bá ẹ̀jẹ̀ dé eegun ẹ̀yìn. Ohun tí ń tan ènìyàn jẹ ni pé aláìsàn lè má wúkọ́ rárá. Ìrora náà ń pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù, kì í dẹ̀ lóru; ibà ìrọ̀lẹ́, òógùn òru àti rírù lè bá a rìn. Bí a kò bá tọ́jú rẹ̀, eegun lè wó, kí iké yọ, kí ẹsẹ̀ sì rọ. Oògùn ń wò ó, ṣùgbọ́n oṣù 6 ó kéré tán ni a ó fi lò ó, nígbà mìíràn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí òṣìṣẹ́ ìlera béèrè bóyá ẹnì kan nínú ilé ní ikọ́ ẹ̀gbẹ, kí ó sì fi àyẹ̀wò HIV lọ aláìsàn. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tí a kò rí kòkòrò nínú rẹ̀ kò tó láti fọkàn balẹ̀. Àwòrán eegun ẹ̀yìn ṣe pàtàkì.

Ọ̀pọ̀ Yorùbá a máa pe gbogbo ìrora ìbàdí ní jẹ̀díjẹ̀dí, wọn a sì máa mu àgbo. Àgbo kò pa kòkòrò yìí; oṣù tí a fi ń mu ún ni àrùn fi ń jẹ eegun.

Àrùn kíndìnrín, fòníkú-fọ̀la-dìde, jẹjẹrẹ tí ó ti ọmú tàbí próstéètì ràn dé eegun, àti eegun tí ó ṣẹ́ lẹ́yìn ìṣubú náà lè fa ìrora ẹ̀yìn.

Bí abẹ́ aláìsàn bá kú tipiri, tí kò lè tọ̀ tàbí tí kò lè mú ìgbẹ́ dúró, tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rọ, ọjọ́ náà gan-an ni kí wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn.