Pákó Àdàlù àbí PVC: Èwo Ló Máa Tọ́jọ́ Lórí Pèpéle l'Àpápá?

Lọ́dún 2017, wọ́n fọwọ́ sí iṣẹ́ àtúnṣe Wharf Road l'Àpápá, nǹkan bíi kìlómítà 2. Kọnkéré ni wọ́n fi ṣe é dípò ọ̀dà tí a mọ̀. Ẹ sì mọ ìwà ọ̀dà: ó máa ń rọ̀ tí oòrùn bá mú, trélà tó ru kọ̀nténà á wá máa tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé kéèyàn tó yan ohun tó máa tẹ́ sílẹ̀, kó kọ́kọ́ mọ ọ̀tá tó máa bá a jà.

Ẹ jẹ́ ká fi ojú yẹn wo pèpéle onípákó, ìyẹn deck téèyàn ń kàn síwájú ilé tàbí sẹ́yìnkùlé láti máa fi gbatẹ́gùn. Ní Àpápá àti Ajégúnlẹ̀, omi ò jìnnà sí wa, àbàtà wà, òjò sì pọ̀. Bí omi inú pákó lásán bá ti ju nǹkan bí ìdá 20 nínú 100 lọ, àwọn èbu tó ń jẹ igi ti ríbi dó sí nìyẹn. Ikán náà ò ní gbẹ́yìn. Ìdí rèé táwọn kan fi ń wo pákó àtọwọ́dá méjì: composite àti PVC.

Kí ló wà nínú wọn?

Ẹ jẹ́ ká pe composite ní pákó àdàlù. Bí a ṣe ń po ẹ̀wà mọ́ àgbàdo, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń po lẹ́búlẹ́bú igi, irú èyí tó máa ń kún ilẹ̀ ní Òkó Bàbá nígbà kan rí, mọ́ ike tí wọ́n ti yọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ló jẹ́ igi. Ike tí wọ́n sábà ń lò ni polyethylene, èyí tí wọ́n fi ń ṣe náílọ́ọ̀nù pure water. Trex, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1996, àlòkù náílọ́ọ̀nù àti àjẹkù igi ló fi ń ṣe tiẹ̀. Irú ohun tó ń dí gọ́tà wa ni wọ́n fi ń pawó lọ́hùn-ún!

PVC ní tiẹ̀ ò ní igi nínú. Ẹ ti mọ̀ ọ́n: òun ni wọ́n fi ń ṣe páìpù omi àti síìlì ìgbàlódé. Klórínì, tí wọ́n ń yọ látinú iyọ̀, ló kó nǹkan bí ìdá 57 nínú 100 ìwọ̀n rẹ̀.

Omi

Ike inú pákó àdàlù ò bo gbogbo lẹ́búlẹ́bú náà tán. Níbi tí wọ́n bá ti fi ayùn gé e, ó lè mumi, kó wú, kí èbu sì hù sí i. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń fi awọ ike bo àwọn tuntun. Ẹ yí i wò kẹ́ ẹ tó sanwó, torí awọ àwọn kan ò dé abẹ́. PVC fẹ́rẹ̀ẹ́ má mumi rárá.

Oòrùn

Ike máa ń gùn sí i tó bá gbóná. Ká ní pákó PVC kan gùn ní mítà 4, oòrùn wá fi ìwọ̀n 30 Celsius kún ooru rẹ̀. Tí mítà kọ̀ọ̀kan bá ń fi mílímítà 0.06 gùn sí i fún ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan: 4 × 30 × 0.06 = 7.2. Ó lé ní mílímítà 7! Béèyàn ò bá fàyè sílẹ̀ láàárín wọn, pákó á ká sókè, á sì máa gbé màmá àgbà ṣubú. Pákó àdàlù náà ń gùn, àmọ́ kì í sábà tó ti PVC, torí igi inú rẹ̀ ń fà á sẹ́yìn. Èyí tó wù kẹ́ ẹ mú, ẹ má ra aláwọ̀ dúdú tẹ́ ẹ bá fẹ́ máa fẹsẹ̀ lásán rìn lórí ẹ̀ lọ́sàn-án.

Iná

PVC kì í tètè gbaná, ṣùgbọ́n tó bá jó, ó ń tú gáàsì tó ń di ásíìdì nígbà tó bá kan omi, títí kan omi inú ọ̀fun wa. Ẹ má sun àjẹkù rẹ̀ mọ́ ìdọ̀tí láé.

Èwo ká wá mú?

Tí pèpéle yín bá sún mọ́ ilẹ̀ tó máa ń rin, tí atẹ́gùn ò sì ráyè gba abẹ́ ẹ̀, PVC ni kẹ́ ẹ mú, bó tiẹ̀ sábà ń wọ́n jù. Tó bá ga nílẹ̀, tí abẹ́ ẹ̀ sì ń gbẹ, pákó àdàlù tó ní awọ yíká ti tó.

Méjèèjì ló máa ń tẹ̀, nítorí náà kí igi ìdábùú tó gbé wọn má jìnnà síra ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 40 lọ. Tí igi ìdábùú náà bá jẹ́ pákó lásán tí wọn ò kùn ní solignum, ikán á jẹ ẹ́ lábẹ́ pákó olówó ńlá. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Kẹ́ ẹ tó ra ọ̀pọ̀, ẹ tọrọ àjẹkù kékeré lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á. Ẹ wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n ilé ìdáná, ẹ rì í sómi fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ nù ún, kẹ́ ẹ tún un wọ̀n. Bó ṣe wúwo sí i tó ni omi tó mu.