Rẹ́ Ẹ, Má Gé E: Bí A Ṣe Ń Tún Àgógó Adìyẹ Ṣe Nílé

Àwọn àgbà máa ń sọ pé adìyẹ ń jẹkà, ó ń mumi, ó ń gbé òkúta wẹ́wẹ́ mì, síbẹ̀ ó ní òun kò léyín. Òótọ́ ni, adìyẹ kò léyín. Àgógó rẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀, òun ni ṣíbí rẹ̀, òun náà ló fi ń tún ìyẹ́ ara rẹ̀ ṣe. Bí àgógó bá ti bàjẹ́, ebi ló kàn.

Ìsinmi tó kọjá ni ọ̀rọ̀ yìí yé mi. Ìyá àgbà mi ti fún mi ní adìyẹ kan, mo sọ ọ́ ní Àdùkẹ́. Nítorí ọkọ̀ àti olè, inú àgò orí sìmẹ́ńtì ló ń gbé, oúnjẹ lẹ́búlẹ́bú ló sì ń jẹ. Nígbà tí mo ti ilé-ẹ̀kọ́ dé, àgógó òkè ti gùn, ó ti tẹ̀ bí ìwọ̀ tí a fi ń pẹja. Bó bá ṣá àgbàdo, àgbàdo á bọ́. Mo gbé e, eegun àyà rẹ̀ ń gún mi lọ́wọ́.

Mo mú àlùmọ́gàjí, mo gé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, Àdùkẹ́ ké, díẹ̀ ló kù kí èmi náà ké. Ìyá àgbà sáré jáde, wọ́n ní, “Ta ló ní kí o gé e? Rírẹ́ là ń rẹ́ ẹ!”

Gé àti rẹ́

Nínú ẹ̀kọ́ ìtumọ̀, a ti gbọ́ ọ pé ó ṣòro kí ọ̀rọ̀ méjì jọra délẹ̀délẹ̀. Lẹ́nu ìyá àgbà mi, igi là ń gé, ẹran là ń gé. Ohun tí a bá gé lè di méjì. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá rẹ́, etí rẹ̀ la mú díẹ̀ kúrò, òun fúnra rẹ̀ ṣì wà. Ìyàtọ̀ yìí gan-an ni gbogbo iṣẹ́ náà.

Ohun tó wà nínú àgógó

Àgógó (kì í ṣe agogo o, ohùn ló yà wọ́n) ní ìpele. Kẹ́rátíìnì ni ìta rẹ̀, ohun kan náà tí èékánná àti irun wa jẹ́. Kò sí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀, bí a bá rẹ́ ẹ kò ní dun adìyẹ. Lábẹ́ rẹ̀ ni ẹran-ara ààyè wà, tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn nínú rẹ̀, tó sì mọ ìrora. Eegun wà nínú pátápátá.

Kẹ́rátíìnì kì í dẹ́kun híhù. Adìyẹ tó ń rìn kiri ń ṣá ilẹ̀, ó ń nu ẹnu mọ́ òkúta, nítorí náà àgógó rẹ̀ ń dínkù bó ṣe ń hù. Èyí tó wà nínú àgò, tó ń jẹ oúnjẹ rírọ̀, kò ní ohun tí yóò bá a dín in kù. Àwọn mìíràn wà tí àgógó wọn kọjá ara wọn bí ẹnu àlùmọ́gàjí. Rírẹ́ kò lè wo ìyẹn sàn. Ẹ ó máa tún un ṣe lóòrèkóòrè ni. Ẹ rántí pé kí àgógó òkè gùn díẹ̀ ju ti ìsàlẹ̀ kì í ṣe àìsàn.

Iṣẹ́ yìí yàtọ̀ sí ti àwọn olóko adìyẹ ńlá tó ń fi abẹ gbígbóná gé àgógó kí adìyẹ má baà máa ṣá ara wọn léṣe. Ẹran-ara ààyè ni ìyẹn ń gé.

Bí a ṣe ń ṣe é

1. Ẹ dúró di alẹ́. Adìyẹ kì í ríran dáadáa lálẹ́, ara rẹ̀ á sì balẹ̀.
2. Ẹ fi táwẹ́lì wé e, kí orí nìkan yọ. Kí ẹnì kan bá yín dì í mú, ṣùgbọ́n kó má fún un láyà. Àyà adìyẹ gbọ́dọ̀ máa mì kó tó lè mí. Bí a bá fún un pa, kò ní rí èémí mí.
3. Ẹ tan iná fóònù sí ẹ̀gbẹ́ àgógó. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ gbà kọjá dáadáa kò ní ẹ̀jẹ̀. Ibi tó pọ́n tàbí tó ṣú, ẹ má dé ibẹ̀. Bí àgógó bá dúdú tí ẹ kò rí nǹkan kan, fáìlì nìkan ni kí ẹ lò.
4. Ẹ rọra di orí rẹ̀ mú. Ẹ má bo ihò imú, orí àgógó ló wà.
5. Ẹ fi fáìlì èékánná rẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀. Bó bá gùn jù, ẹ lè fi ohun tí a fi ń gé èékánná mú ṣóńṣó rẹ̀ kúrò, kó má ju mìlímítà 1 lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ tún tan iná wò ó, kí ẹ sì fi fáìlì dán an kó má baà là.
6. Ẹ tètè dúró. Ó sàn kó ṣì gùn díẹ̀, kí ẹ padà sí i lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.
7. Bí ẹ̀jẹ̀ bá jáde, ẹ fi ìyẹ̀fun àgbàdo sí i, kí ẹ fi òwú tó mọ́ tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Ẹ yà á sọ́tọ̀, nítorí adìyẹ yòókù á máa ṣá ibi tí wọ́n bá ti rí ẹ̀jẹ̀.

Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dá, bí àgógó bá là wọnú, bí ojú tàbí ẹnu bá wú, tàbí bí èépá bá yí ẹnu ká, ẹ fi fáìlì sílẹ̀. Ọ̀dọ̀ dókítà ẹran ni kí ẹ gbé e lọ.

Lẹ́yìn náà

Ìyẹ̀fun àgbàdo ló dá ẹ̀jẹ̀ Àdùkẹ́ dúró. Fún ọjọ́ méjì, oúnjẹ tí a pò mọ́ omi nínú abọ́ jíjìn ló ń jẹ, kó lè fi ẹnu gbọ́n ọn dípò ṣíṣá. Lẹ́yìn tí ojú ibẹ̀ jinná, mo ń fi fáìlì rẹ́ ẹ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. A gbé búlọ́ọ̀kù kan sínú àgò, orí rẹ̀ la ń da àgbàdo sí. Bó ṣe ń ṣá a ló ń pọ́n àgógó ara rẹ̀. Kí n tó padà sílé-ẹ̀kọ́, ó ti ń mú àgbàdo lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì bọ́ mọ́.

Bí mo bá ti gbọ́ “rẹ́” lọ́jọ́ náà kí n tó mú àlùmọ́gàjí, ẹ̀jẹ̀ kò ní jáde. Bí ẹ bá délé, ẹ bi àwọn àgbà yín léèrè ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún un ní ẹ̀ka-èdè tiyín, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ẹnu adìyẹ yín.