Àìsàn tí ó Jọ Wárápá: Ẹ̀kọ́ fún Olùkọ́

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń múra láti di olùkọ́, ọjọ́ kan lè dé tí ọmọ kan yóò ṣubú lójijì níwájú yín, tí gbogbo ara rẹ̀ yóò máa gbọ̀n. Àwọn kan yóò ní wárápá ni. Àwọn mìíràn yóò ní ó ń díbọ́n ni. Ó lè jẹ́ pé àwọn méjèèjì ni ó ṣìnà.

Nínú wárápá, iṣẹ́ ọpọlọ ni ó dàrú. Ṣùgbọ́n àìsàn mìíràn wà tí ó jọ ọ́, tí ó jẹ́ pé ìdààmú ọkàn ni ó gba ara jáde. Ọmọ náà kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é.

Irú agbára bẹ́ẹ̀ ni a rí ní Kashasha, ní ilẹ̀ Tanganyika, tí ó di Tanzania lónìí. Ní ọjọ́ 30 oṣù January 1962, ẹ̀rín àti ẹkún tí kò ṣe é dá dúró mú ọmọbìnrin mẹ́ta ní ilé-ẹ̀kọ́ kan níbẹ̀. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ 18 oṣù March, ó ti mú 95 nínú ọmọ 159, a sì ti ilé-ẹ̀kọ́ náà pa. Àwọn dókítà wá kòkòrò àrùn àti májèlé, wọn kò rí i.

Ẹni tí wárápá mú sábà máa ń lajú sílẹ̀, kì í sì í sábà ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Nínú èkejì, ojú sábà máa ń wà ní dídì, orí a máa mì sọ́tùn-ún sósì, ó sì lè pẹ́. Ṣùgbọ́n àmì kan kò tó. Ẹlòmíràn tilẹ̀ ní méjèèjì. Dókítà ni kí ó fìdí rẹ̀ múlẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ń ṣàkọsílẹ̀ iṣẹ́ ọpọlọ.

Nítorí náà, ìtọ́jú kan náà ni kí ẹ kọ́kọ́ fún àwọn méjèèjì. Ẹ gbé ohun líle kúrò nítòsí, ẹ yí ọmọ náà sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ má ṣe ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má fún un ní ìtọ̀ màlúù mu, ẹ má sì ti ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ iná. Bí ó bá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, bíi ti Komfo Anokye ní Kumasi níhìn-ín.

Oògùn wárápá kì í wo èyí tí ó ti inú ọkàn wá. Ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú ọkàn ni yóò máa bá aláìsàn sọ̀rọ̀ láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, títí yóò fi mọ ohun tí ń dà á láàmú, tí yóò sì kọ́ bí a ti ń fọkàn balẹ̀ nígbà tí àìsàn náà bá fẹ́ dé.

Iṣẹ́ ti olùkọ́ ni láti lé àwọn awòran kúrò, láti pa pàṣán tì, kí ó sì gba ọmọ náà padà sí kíláàsì láìsí ẹ̀gàn. Àwọn àgbà ní, ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní ń yọ ọfà lápó.